Ta Ni Ọ̀gá Níbí? Ìbéèrè àti Ìdáhùn Lórí Ìmúra, Ìṣesí àti Ipò Àṣẹ Nílé Ìtura ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ

Ọdún kejìlá rèé tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ilé ìtura láàárín Ìjẹ̀bú-Òde àti Ṣàgámù. Títẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni mo fi bẹ̀rẹ̀, mo bọ́ sídìí tábìlì ìgbàlejò, mo wá di máníjà. Obìnrin ni mí. Irun mi kò ju ìbú ìka kan lọ, ṣòkòtò ni mo sì máa ń wọ̀ síbi iṣẹ́. Kì í pé ọ̀sẹ̀ kan kí àlejò kan tó dúró níwájú mi, kó na ọrùn wo ẹ̀yìn mi bí ẹni tó ń wá ènìyàn, kó ní: "Ta ni ọ̀gá níbí?"

Àwọn ọmọ tí mo ń kọ́ níṣẹ́, àwọn tó ni ilé ìtura, kódà àwọn òbí, ti bi mí ní oríṣiríṣi ìbéèrè lórí ọ̀rọ̀ yìí. Mo kó wọn jọ síbí.

Kí lẹ ní lọ́kàn gan-an tí ẹ bá ní "ìmúra àti ìṣesí"?

Aṣọ, irun, ohùn, ìrìn, bí a ṣe ń jókòó, bí a ṣe ń rẹ́rìn-ín: gbogbo ohun tí ará ìta fi ń sọ pé "obìnrin gidi rèé" tàbí "ọkùnrin yìí mà rọ̀ jù o." Ọ̀tọ̀ ni kí wọ́n bí ènìyàn ní ọkùnrin tàbí obìnrin, ọ̀tọ̀ ni bó ṣe ń gbé ara rẹ̀ jáde. Nílé ìtura, ara òṣìṣẹ́ wà lára ọjà tí à ń tà. Ẹ̀rín tí ọmọ ìdí tábìlì rín sí àlejò ti wà nínú owó yàrá. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ onílé ìtura fi gbà pé àwọn ló ni ojú òṣìṣẹ́ àti irun orí rẹ̀.

Ṣé àṣà wa kọ́ ló ní ọkùnrin ni kó máa ṣe ọ̀gá?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbọ́ tẹnu èdè wa. "Ó ti dé." Ọkùnrin ló dé àbí obìnrin? Ẹ ò mọ̀. Ẹ̀gbọ́n, àbúrò, ọmọ, ọ̀gá: kò sí èyí tó sọ fún yín nínú wọn. Ẹni tó ṣáájú ni èdè wa máa ń fẹ́ mọ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyèrónkẹ́ Oyěwùmí gbé èyí kalẹ̀ ní 1997, ó ní ipò àgbà ló ń darí ìbágbépọ̀ láwùjọ Yorùbá àtijọ́, pé òyìnbó ló gbé ọ̀rọ̀ takọtabo wá sípò yẹn. Àwọn ọ̀mọ̀wé ṣì ń bá a jiyàn lórí rẹ̀. Èmi náà ò gbà tán, torí mo mọ ẹni tó ń gbálẹ̀ nílé wa nígbà tí mo wà lọ́mọdé.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi iṣẹ́ wa. Bí ọkùnrin bá jẹ́ máníjà, "ọ̀gá" ni gbogbo wọn ń pè é. Bí obìnrin bá jókòó sórí àga kan náà, ó di "mọ́mì," ó di "àǹtí," ó di "mádáàmù." Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí kò bèèrè bóyá obìnrin ni ẹ́ ni wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n wá fún un ní orúkọ ẹni tó ń bu ọbẹ̀.

Ilẹ̀ Ìjẹ̀bú kò sì ṣàìmọ obìnrin aláṣẹ. Erelú, obìnrin olóyè, wà nínú Òṣùgbó, ẹgbẹ́ àwọn àgbà tó ń ṣèlú. Ìyálóde wà, Ìyálọ́jà wà. Ní Òkè-Èrì, wọ́n ṣì ń lọ síbi ojúbọ Bílíkísù Súǹgbọ́. Ìtàn ní obìnrin yìí ló ní kí wọ́n wa Erédò, yàrà pẹ̀lú odi tó gùn tó nǹkan bí 160 kìlómítà. Ẹ kọjá sí Ìkẹ́nnẹ́ ní Rẹ́mọ. Màmá H.I.D. Awólọ́wọ̀, tí wọ́n bí ní 1915, ṣòwò aṣọ, ó di ilé àti òwò mú nígbà tí wọ́n rán ọkọ rẹ̀ lẹ́wọ̀n ní 1963. Nígbà tí bàbá kú ní 1987, màmá ló ṣe alága iléeṣẹ́ tó ń tẹ ìwé ìròyìn Tribune. Ìró, bùbá àti gèlè ni wọ́n fi ṣe gbogbo rẹ̀. Kò sẹ́ni tó bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn ò wọ kóòtù.

Obìnrin ló ń sè nílé àti ní búkà. Kí ló dé tó jẹ́ pé ọkùnrin ni ṣẹ́ẹ̀fù nílé ìtura?

Owó ni, àti oyè. Láyé àwọn òyìnbó amúnisìn, ọkùnrin ni wọ́n ń gbà ṣe kúkù àti sítúwọ́ọ̀dù, torí iṣẹ́ tó ń mówó oṣù wá ni. Ilé ìtura jogún ìyẹn. Obìnrin tó ti ń rin ewùrà fún ìkọ́kọrẹ́ láti ọmọ ọdún mẹ́wàá máa wọ ilé ìdáná wa, wọ́n á ní kó lọ máa bó iṣu. Ọmọkùnrin tó kọ́ iṣẹ́ fún oṣù mẹ́fà á wọ fìlà funfun, yóò sì máa pàṣẹ fún un bí wọ́n ṣe ń rin ewùrà.

Iṣẹ́ tí wọ́n ní ó jẹ́ ti ọkùnrin tàbí ti obìnrin máa ń yí padà bí ẹ bá ti kọjá odò méjì. Ní Ìsẹ́yìn, ọkùnrin ló ń hun aṣọ òkè. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, obìnrin ló ń jókòó sídìí òfì tó nàró, tí wọ́n ti ń hun aṣọ olónà.

Obìnrin ni mí, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi mí ṣe máníjà. Wọn ò bẹ̀rù mi. Ṣé kí n máa jágbe mọ́ wọn bí ọkùnrin?

Ìbéèrè yìí ló pọ̀ jù nínú èyí tí mò ń gbà.

Ní 1973, obìnrin onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá kan ní Amẹ́ríkà, Virginia Schein, ní kí àwọn máníjà ọkùnrin ṣàpèjúwe máníjà tó mọṣẹ́, kí wọ́n ṣàpèjúwe ọkùnrin, kí wọ́n sì ṣàpèjúwe obìnrin. Àpèjúwe máníjà àti ti ọkùnrin bára mu. Ti obìnrin jìnnà sí i. Wọn ò ní lọ́kàn láti bú ẹnikẹ́ni. Àwòrán tó wà lọ́kàn wọn ni wọ́n yà jáde. Tiwa náà wà nínú ọ̀rọ̀ ẹnu wa: bí a bá fẹ́ yin obìnrin, a ó ní "obìnrin bí ọkùnrin." Ẹ yí i padà, kí ẹ pe ọkùnrin kan ní "ọkùnrin bí obìnrin," kí ẹ wo bóyá á dúpẹ́.

Nítorí náà, pàkúté méjì ló wà nílẹ̀. Bí ẹ bá sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, wọ́n á ní ẹ ò lè darí ènìyàn. Bí ẹ bá jágbe, wọ́n á ní inú ń bí yín torí ẹ ò tíì lọ́kọ, tàbí torí pé ọkọ yín ń yọ yín lẹ́nu. Mo ti gbọ́ méjèèjì lọ́jọ́ kan náà, lẹ́nu ènìyàn kan náà.

Ohun tó ràn mí lọ́wọ́ ni kí n mọ iṣẹ́ tí wọ́n rò pé mi ò lè mọ̀. Níbi tí mo ti kọ́kọ́ ṣe súpáfáísọ̀, ọkùnrin tó ń tọ́jú jẹnẹrétọ̀ ti tó bí mi lọ́mọ, kì í sì í dá mi lóhùn. Bí mo bá bi í pé dísù mélòó ló kù, á ní, "Ó ṣì wà dáadáa." Ọ̀gànjọ́ òru ni iná máa ń kú mọ́ àlejò lórí. Mo wá igi gígùn kan, mo fi ọ̀bẹ sàmì sí i, mo ń lọ wọn táǹkì fúnra mi láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, mo ń kọ ọ́ sínú ìwé. Mi ò bá a jà. Lọ́jọ́ kẹrin, ó bá mi lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Ẹ káàárọ̀ o, ọ̀gá. Ó ku ogójì lítà." Mo dọ̀bálẹ̀ nínú ọkàn mi. Lójú ayé, mo kúnlẹ̀ kí i, torí àgbà ni, kíkúnlẹ̀ mi ò sì dín lítà kan kù nínú ìwé mi.

Kíkúnlẹ̀ yẹn máa ń da àwọn ọmọ ìsinsìnyí lójú rú. Ṣé máníjà tó kúnlẹ̀ fún òṣìṣẹ́ ò ti ba ara rẹ̀ jẹ́? Níbí kọ́. Ẹ kí àgbà bí àgbà, kí ẹ sì kọ ìwé ìkìlọ̀ fún un bó bá pẹ́ dé ibi iṣẹ́. Àwọn èèyàn Ìjẹ̀bú mọ ìyàtọ̀ láàárín méjèèjì, owó ò sì jẹ́ kí wọ́n gbàgbé.

Wọ́n ní dandan ni kí obìnrin ìdí tábìlì máa kun ojú, kó sì wọ bàtà híìlì. Ṣé wọ́n lẹ́tọ̀ọ́ sí i?

Onílé ìtura lè yan yúnífọ́ọ̀mù. Apá 42 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 kọ̀ kí òfin tàbí ìṣe ìjọba fìyà jẹ ènìyàn kìkì nítorí pé ó jẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin. Bó bá jẹ́ ti ibi iṣẹ́, ilé ẹjọ́ tó ń gbọ́ aáwọ̀ òṣìṣẹ́, ìyẹn National Industrial Court, ní agbára láti gbọ́ ẹjọ́ lórí ìyàsọ́tọ̀ lẹ́nu iṣẹ́.

Àwọn tó ti gbé irú ọ̀rọ̀ yìí dé ilé ẹjọ́ nílẹ̀ òkèèrè rí oríṣiríṣi ìdáhùn. Ní Reno, ní Amẹ́ríkà, Darlene Jespersen ti ta ọtí nílé tẹ́tẹ́ Harrah's fún nǹkan bí 20 ọdún, àwọn oníbàárà fẹ́ràn rẹ̀. Ní 2000, ilé tẹ́tẹ́ náà ṣòfin pé kí obìnrin máa kun ojú, kí ọkùnrin má kùn ún. Ó ní kíkun ojú kò jẹ́ kóun rí bí ara òun, iṣẹ́ sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó pẹjọ́, àmọ́ ní 2006, ilé ẹjọ́ dá ilé tẹ́tẹ́ náà láre. Ṣùgbọ́n ní 1989, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Amẹ́ríkà ti gbọ́ ti Ann Hopkins, obìnrin tó ń mú owó ńlá wọlé fún iléeṣẹ́ rẹ̀, tí wọn ò gbé sókè. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá gbà á nímọ̀ràn pé kó máa rìn bí obìnrin, kó máa sọ̀rọ̀ bí obìnrin, kó kun ojú, kó ṣe irun, kó wọ ohun ọ̀ṣọ́. Ilé ẹjọ́ ní ìyàsọ́tọ̀ ni kí wọ́n fi irú àwòrán bẹ́ẹ̀ wọn obìnrin. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ní Oṣù Kejìlá 2015, wọ́n lé Nicola Thorp padà sílé lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ dé ìdí tábìlì ìgbàlejò torí bàtà pẹlẹbẹ tó wọ̀. Ìwé ẹ̀bẹ̀ tó kọ sí ìjọba gba ìfọwọ́sí tó lé ní 150,000.

Èrò tèmi ò gùn. Ẹni tó máa dúró lórí táìsì fún wákàtí mẹ́jọ, bàtà pẹlẹbẹ ló yẹ ẹ́. Bí ẹ bá sì fẹ́ kí ojú òṣìṣẹ́ máa dán, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ ra páódà.

Híjáàbù ńkọ́?

Ní Ìjẹ̀bú-Òde tí mọ́ṣáláṣí pọ̀ báyìí, ó yà mí lẹ́nu pé wọ́n ṣì ń béèrè. Ẹ rán an ní àwọ̀ yúnífọ́ọ̀mù, ó tán. Àwọn kan máa ń tọ́ka sí ìdájọ́ ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Oṣù Kẹfà 2022. Ti àwọn ọmọ iléèwé ìjọba Èkó nìyẹn, kò mẹ́nu kan ilé ìtura. Ọ̀rọ̀ kan ni mo fẹ́ kí onílé ìtura ronú sí: bó bá lè fi obìnrin tó wọ híjáàbù sí ibi ìfọṣọ, kí ló dé tí kò lè fi í sídìí tábìlì?

Ọmọkùnrin kan tí mo gbà síṣẹ́ di irun, ó sì ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Àwọn oníbàárà ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ kọ́kọ́ wo ìwé owó rẹ̀. Ṣé ó pé? Ṣé àlejò tó mutí yó máa ń gbọ́ tirẹ̀? Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kan wà lọ́dọ̀ mi. Bí ìjà bá fẹ́ bẹ́ sílẹ̀ níbi báà ní alẹ́ Sátidé, àwọn síkíọ́rítì alápá ńlá á máa fẹ̀ àyà, ìjà á sì máa le sí i. Ọmọ yìí á rọra wá, á pe bàbá tó ń bínú ní "dádì mi," á bu omi tútù fún un, ọ̀rọ̀ tán. Mo fi í ṣe súpáfáísọ̀ báà. Àwọn kan kùn, wọ́n ní kò ní ojú ọ̀gá. Láti ìgbà yẹn, ìgò àti àga tó ń fọ́ níbẹ̀ ti dín kù.

Ẹni tó bá ní irun dídì kì í ṣe ti ọkùnrin, kó lọ béèrè lọ́wọ́ ẹlẹ́gùn Ṣàngó. Irun dídì ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n kí òyìnbó tó dé.

Àwọn tó ń fi òfin dẹ́rù ba ọmọ ọlọ́mọ náà wà. Òfin tí ààrẹ fọwọ́ sí ní Oṣù Kìíní 2014 sọ̀rọ̀ nípa ìgbéyàwó láàárín ọkùnrin méjì tàbí obìnrin méjì, nípa ẹgbẹ́ wọn àti fífi ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ hàn ní gbangba. Kò sọ̀rọ̀ nípa irun, kò sọ̀rọ̀ nípa ohùn. Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ ṣe ni pé kẹ́ ẹ fún un ní káàdì ìdánimọ̀ iléeṣẹ́, torí tó bá ń ti ṣífù alẹ́ bọ̀, irun orí rẹ̀ ni àwọn ọlọ́pàá máa kọ́kọ́ rí lójú ọ̀nà.

Ṣé ó bójú mu kí ọkùnrin máa tún yàrá ṣe?

Mátírẹ́ẹ̀sì wúwo. Ẹ gba ọkùnrin.

Àlejò pàtàkì kan ń fọwọ́ kan àwọn ọmọbìnrin wa. Ọ̀gá ní ká fara dà á.

Rárá. Ní ilé ìtura kan tí mo ti ṣiṣẹ́, ọkùnrin kan tó máa ń gba yàrá mẹ́wàá fún ìnáwó ṣe irú rẹ̀ fún wétírẹ́ẹ̀sì wa. Ẹni tó ni ilé ní kí ọmọ náà lọ bẹ̀ ẹ́, pé ó fi ojú burúkú wo àlejò. Ọmọ náà bẹ̀ ẹ́, ó sì fi iṣẹ́ sílẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn. Èmi náà ò pẹ́ níbẹ̀ mọ́.

Láti 2022 ni Nàìjíríà ti fọwọ́ sí àdéhùn C190 ti àjọ àwọn òṣìṣẹ́ lágbàáyé, lórí ìwà ipá àti ìyọlẹ́nu lẹ́nu iṣẹ́. Ilé ẹjọ́ òṣìṣẹ́ tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan ní agbára lórí ìyọlẹ́nu ìbálòpọ̀ níbi iṣẹ́. Máníjà ní láti ṣe tirẹ̀ kí ọ̀rọ̀ tó débẹ̀: ẹ kọ ọjọ́ àti aago sílẹ̀, ẹ yí ẹni tó ń gbé oúnjẹ lọ sí yàrá yẹn padà, ẹ̀yin fúnra yín ni kẹ́ ẹ sì lọ bá àlejò náà sọ̀rọ̀. Nígbà míràn, ọmọkùnrin ni irú àlejò bẹ́ẹ̀ máa ń fọwọ́ kàn. Ẹ má rẹ́rìn-ín sí i, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bákan náà.

Ṣé òfin ò ní kí obìnrin má ṣiṣẹ́ alẹ́? Oyún ńkọ́?

Òfin òṣìṣẹ́ dí iṣẹ́ alẹ́ lọ́wọ́ obìnrin níléeṣẹ́ ẹ̀rọ àti lóko, ó sì yọ obìnrin tó wà ní ipò alákòóso sílẹ̀. Ẹ má fi í ṣe àwáwí láti má gbé obìnrin dé ipò máníjà alẹ́. Ẹ ṣètò ọkọ̀ tó máa gbé e délé.

Ní ti oyún, òfin kan náà fún un ní ọ̀sẹ̀ 12, mẹ́fà ṣáájú ìbí, mẹ́fà lẹ́yìn rẹ̀; bó bá ti lo oṣù mẹ́fà lẹ́nu iṣẹ́, owó rẹ̀ kò gbọdọ̀ dín sí ìdajì. Bó bá padà dé, ó ní ààbọ̀ wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ láti fọ́mọ lọ́mú.

Nígbà Orò tàbí Agẹmọ, kí la máa ṣe pẹ̀lú òṣìṣẹ́ obìnrin? Bí máníjà bá jẹ́ obìnrin ńkọ́?

Àlejò láti ìlú òkèèrè kì í lóye èyí, ẹ ṣàlàyé fún wọn. Obìnrin kì í fojú kan Orò, obìnrin kì í sì í wo Agẹmọ. Bí ẹ bá ti gbọ́ ìkéde, ẹ tún ìwé ṣífù kọ: kí àwọn obìnrin wọlé kí ilẹ̀ tó ṣú, kí wọ́n sùn nínú yàrá tẹ́ ẹ yà sọ́tọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, kí ọkùnrin dúró lẹ́nu géètì. Àlejò obìnrin tó bá fẹ́ gba yàrá, ẹ sọ fún un kó tó sanwó. Ẹ má yọ owó ọjọ́ yẹn kúrò nínú owó oṣù ẹnikẹ́ni.

Máníjà obìnrin ṣì ni máníjà lóru ọjọ́ náà. Mo ti darí gbogbo ilé láti inú yàrá kan tí mo ti kótìnnì rẹ̀ pa, fóònù méjì lọ́wọ́ mi, títí ilẹ̀ fi mọ́. Omi gbígbóná ò yẹ̀.

Ojúde Ọba ti ń bọ̀. Báwo ni ká ṣe múra fún òṣìṣẹ́?

Ọjọ́ kẹta Iléyá ni wọ́n máa ń ṣe ọdún yìí ní Ìjẹ̀bú-Òde, yàrá á ti tán tipẹ́. Ẹ rán aṣọ kan náà fún gbogbo òṣìṣẹ́, kẹ́ ẹ jẹ́ kí kálukú yan bóun ṣe fẹ́ rán an. Ní ọjọ́ tí àwọn regbérégbé, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ọjọ́ orí kan náà, bá ń wọ́ lọ síwájú ọba, tí àwọn ìdílé Balógun ń gun ẹṣin, tí ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn ọkùnrin pọ̀ ju ti ìyàwó rẹ̀ lọ, ta ló tún máa ní ọ̀ṣọ́ jẹ́ ti obìnrin nìkan? Lọ́dún 2024, àwòrán Farooq Oreagba, ọ̀kan nínú àwọn tó gun ẹṣin níbẹ̀, lórí ẹṣin rẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ lọ́rùn, dígí dúdú lójú, kárí ayé. Mo fi han bàbá kan tó ń bú ọmọ onírun dídì tó ń ṣiṣẹ́ fún mi níbi báà. Ó wò ó títí, ó ní, "Ìyẹn yàtọ̀." Mo ní kí ló fi yàtọ̀. Ó ní olówó ni.

Bí àlejò bá wá bi yín pé, "Ta ni ọ̀gá níbí?" kí lẹ máa ń sọ?

Mo máa ń sọ pé, "Èmi ni, ẹ káàbọ̀. Yàrá wo lẹ wà?" Bó bá ṣì ń wo ẹ̀yìn mi, mo máa ń yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó lè rí i pé ògiri ló wà níbẹ̀.